Ọ́ìlì ń jò lára tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà Ìjàpá mi, gáskẹ́ẹ̀tì mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́rin

Ọmọ Èbúté

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ọgbọ́n yín ni mo wá gbà.

Volkswagen Ìjàpá ni mọ́tò mi, ti ọdún 1978, ẹ́ńjìnnì 1300. Bàbá mi ló rà á ní tuntun, nígbà tí wọ́n ń tò ó níbí ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Badagry. Inú rẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé mi lọ sílé ìwé, inú rẹ̀ náà ni wọ́n fi gbé ìyá mi lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ tí wọ́n bí àbúrò mi. Bàbá ti di olóògbé láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn, mọ́tò sì wà lọ́wọ́ mi ní Èbúté-Mẹ́tta. Mi ò fẹ́ tà á, mi ò sì fẹ́ kí ó kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Ọ́ìlì ló ń jò. Láti oṣù mẹ́rin, ojú kan náà ni: ìdí tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà méjèèjì, ìyẹn ọmọrí irin tó bo ibi tí tápẹ́ẹ̀tì wà, ti ọ̀tún sì le ju ti òsì lọ. Tí mo bá gbé e gba Carter Bridge lọ síbi iṣẹ́ ní Marina láàárọ̀, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wá mú wa ní Ìdúmọ̀tà, òórùn ọ́ìlì tó ń jóná lára sálẹ́ńsà a máa kún inú mọ́tò débi pé mo ní láti sọ gbogbo wíńdò kalẹ̀. Páálí ni mò ń tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ nínú ọgbà tí mo ń gbé e sí. Lánàá, nígbà tí mo fi máa ṣíwọ́ ní aago márùn-ún, ojú ọ́ìlì tó wà lórí páálí yẹn ti fẹ̀ tó ọmọrí ìkòkò ọbẹ̀. Ẹni tó ni ọgbà ti kìlọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mejì, ó sì jàre.

Mẹkáníìkì tó ń bá mi ṣe é ti pààrọ̀ gáskẹ́ẹ̀tì, ohun tí a ń tẹ́ sójú kọ́fà kí ọ́ìlì má bàa jò, lẹ́ẹ̀mẹta. Lákọ̀ọ́kọ́, kọ́ọ̀kì lásán ló fi sí i. Nígbà tí ìyẹn jò, ó fi gọ́ọ̀mù sílíkónì dúdú pa kọ́ọ̀kì tuntun lójú méjèèjì kó tó dé e. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó da gọ́ọ̀mù náà sí i lọ́pọ̀lọpọ̀, ó wá fi píláyà ká wáyà tó di kọ́fà mú, ó ní kó lè fún dáadáa. Àtìgbà náà ló ti burú sí i. Ó ti wá ní ẹ́ńjìnnì ti gbó, kí n lọ wá tokunbo.

Ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ́ńjìnnì ló gbó? Àbí ọ̀nà kan wà tí a ń gbà fi gáskẹ́ẹ̀tì yìí sí i tí a ò mọ̀? Ẹ dákun, ẹni tó bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é rí ni kó dá mi lóhùn.

Ará Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹ̀gbọ́n, mo bá yín kẹ́dùn. Tèmi ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Mo kàn yọ kọ́fà oríjínà yẹn sọnù ni, mo ra ti alumíníọ̀mù tí wọ́n ń fi bóòtù dè. Ó rẹwà, ó sì ń dán. Ẹ wá a ní Ládípọ̀, ẹ ó rí i.

Bàbá Ẹ́ńjìnnì, Múṣin

Ọmọ Èbúté, kú iṣẹ́ o. Kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá rẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Láti 1976 ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, Ìjàpá ni mo sì fi kọ́ṣẹ́. Má tíì ra tokunbo kankan. Nínú gbogbo ohun tí o sọ, mi ò tíì rí ẹ̀ṣẹ̀ ẹ́ńjìnnì níbẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ gọ́ọ̀mù ni mo rí.

Wo bí Ìjàpá ṣe yàtọ̀. Lára Peugeot 504 tàbí Corolla, òkè ẹ́ńjìnnì ni tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà wà, bí ọmọrí ìkòkò. Ọ́ìlì kàn ń ta sí i lára ni, a sì ṣàn padà sísàlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá dùbúlẹ̀ ni. Sìlíńdà méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì, kọ́fà kọ̀ọ̀kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ọ́ìlì a máa dúró sínú ètè ìsàlẹ̀ kọ́fà náà, kódà tí o bá ti pa mọ́tò. Àlàfo tí kò ju irun orí lọ ti tó o láti jáde. Ìdí nìyẹn tí o fi ń rí i lórí páálí lẹ́yìn wákàtí mẹ́jọ tí mọ́tò ti dúró.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí bóòtù lára rẹ̀. Wáyà sípíríǹgì kan ṣoṣo ló gbá a mú. Agbára tí wáyà yẹn bá ní náà ló ní, kò sí bí a ṣe lè fún un ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ojú kọ́fà bá tẹ́jú, tí ojú tọ́ọ̀pù sìlíńdà (orí sìlíńdà tí kọ́fà dé mọ́) bá mọ́, tí kọ́ọ̀kì sì jókòó dáadáa, agbára yẹn tó, ó sì ṣẹ́ kù. Tí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yẹ̀, bí wọ́n bá fi irin ìrólé dè é, yóò jò. Nígbà tí mẹkáníìkì rẹ ká wáyà náà, ó ti ba sípíríǹgì ara rẹ̀ jẹ́. Kò ní lè tẹ àárín kọ́fà gan-an mọ́, ẹ̀gbẹ́ kan ni yóò máa tẹ̀. Wá wáyà míì. Tokunbo tí kò tíì rí píláyà rí dára ju tuntun tó rọ̀ lọ.

Ní ti gọ́ọ̀mù: a ní kí èkuru tán nínú àwo, ẹ tún ń gbọn ọwọ́ rẹ̀ sáwo. Sílíkónì tútù a máa yọ̀ bí ọṣẹ. Tí o bá fi pa kọ́ọ̀kì lójú méjèèjì, tí wáyà wá tẹ̀ ẹ́, kọ́ọ̀kì a yọ̀ síta tàbí sínú, o ò sì ní rí i láti ìta. Èyí tó tún bà mí lẹ́rù jù ni pé Ìjàpá kò ní ọ́ìlì fítà bíi ti mọ́tò òde òní. Asẹ́ wáyà kan ló wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì tó ń gba ìdọ̀tí. Ọdún kan, wọ́n gbé ọ̀kan wá bá mi láti Ọ̀ṣòdì, iná ọ́ìlì rẹ̀ ń tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo tú nọ́ọ̀tì mẹ́fà tó di asẹ́ náà mú, mo fa asẹ́ jáde. Gọ́ọ̀mù dúdú ló bò ó, gígùn-gígùn bí aràn, ó lẹ̀ mọ́ ojú asẹ́ débi pé mi ò rí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ́ńjìnnì yẹn kò gbó o. Ọ̀fun ni wọ́n fún mọ́ ọn. Nítorí náà, kí o tó ṣe ohunkóhun, tú asẹ́ rẹ wò. Nígbà tí o bá ń dè é padà, má fi agbára dè é, nọ́ọ̀tì kékeré ni, ó yára já.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Kí mọ́tò tutù dáadáa, láàárọ̀ kùtùkùtù ló dára jù. Tẹ́ páálí tàbí abọ́ sábẹ́, nítorí ọ́ìlì díẹ̀ yóò dà. Fi sìkúrúdíráfà tẹ wáyà náà lọ sísàlẹ̀, yóò já kúrò lójú kòtò rẹ̀, kọ́fà yóò sì bọ́. Má fi sìkúrúdíráfà hú u láti ẹ̀gbẹ́, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń tẹ ojú kọ́fà wọ́. Tó bá lẹ̀, fi ọwọ́ òòlù onígi kàn án díẹ̀díẹ̀.

Họ gbogbo kọ́ọ̀kì àti gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò. Nínú kọ́fà, o lè lo ọ̀bẹ. Lójú tọ́ọ̀pù sìlíńdà, má lo irin rárá, alumíníọ̀mù ni, irin yóò fa ìlà sí i, ojú ìlà yẹn ni ọ́ìlì yóò sì sọ di ọ̀nà. Gé pákó pẹlẹbẹ kan, kí ẹnu rẹ̀ mú, fi ìyẹn họ ọ́. Fi àkísà tó ní kẹrosíìnì nù ún, kí o tún fi èyí tó gbẹ nù ún. Tí o bá fi ìka ọwọ́ rà á yíká, kí ìka rẹ má kọ ohunkóhun.

Lẹ́yìn náà, gbé kọ́fà dojú dé orí gíláàsì, kí o fi tọ́ọ̀ṣì tàn án láti inú. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ, ibẹ̀ ló ti wọ́. Gbé e ka orí igi, kí o fi òòlù kékeré lù ú jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ títí yóò fi tẹ́.

Kọ́fà nìkan ni kí o fi gọ́ọ̀mù pa, díẹ̀ bíńtín, kí kọ́ọ̀kì má bàa yẹ̀. Ojú kejì tó kọ sí tọ́ọ̀pù sìlíńdà, gíríìsì ni kí o fi pa á, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Gíríìsì yẹn ni kò ní jẹ́ kí kọ́ọ̀kì fà ya nígbà mìíràn tí o bá ṣí i láti wọn àlàfo tápẹ́ẹ̀tì. Gbé kọ́fà sí i, di í mú pẹ̀lú ọwọ́ òsì, gbé wáyà sókè. Yóò dún *kọ́* bó bá ti wọ kòtò rẹ̀. Tí kò bá dún, kò tíì wọ̀ ọ́.

Ìbéèrè mi sí ọ: ọ́ìlì lítà mélòó ni mẹkáníìkì rẹ ń rọ sí i?

Ọmọ Èbúté

Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì kà á fún ìyá mi létí. Wọ́n ní kí n kí yín.

Ní ti ọ́ìlì, gálọ́ọ̀nù kan ni mo máa ń rà, olítà mẹ́rin. Ó máa ń rọ gbogbo rẹ̀ sí i. Ṣé kò yẹ bẹ́ẹ̀ ni?

Bàbá Ẹ́ńjìnnì, Múṣin

Háà! Ọmọ mi, lítà méjì àtààbọ̀ ni ẹ́ńjìnnì yẹn ń gbà. Méjì àtààbọ̀ péré. Ẹni tó ti mọ́ lára láti máa rọ gálọ́ọ̀nù kan sínú Camry tàbí Corolla ló ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ. Lítà kan àtààbọ̀ tó lé yẹn kò ní ibi tí yóò lọ. Ẹsẹ̀ àwọn irin tó ń yí ń gbá a, ó ń hó, kòtò rẹ̀ kún dé etí kọ́fà, ó sì ń wá ọ̀nà jáde. Tú ọ́ìlì náà dà kí o tó bẹ̀rẹ̀. Rọ lítà méjì àtààbọ̀ padà, kí o sì wo irin ìwọ̀n rẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kì í ṣe lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Tún wo páìpù tó ti ọrùn ibi tí a ń rọ ọ́ìlì lọ sí air cleaner. Ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ń gbà mí síta. Tí rọ́bà rẹ̀ bá ti rọ̀ tó sì pa ara rẹ̀ pọ̀, tàbí tí ìdọ̀tí dí i, ìmí yẹn yóò máa ti ọ́ìlì síta gba ibi tó bá rọ̀ jù. Kò sí gáskẹ́ẹ̀tì tó lè gbà á.

Ìjàpá Aláwọ̀ Ewé

Ẹ jẹ́ kí n bá Bàbá fi díẹ̀ kún un. Olùkọ́bìnrin ni mí ní Sùúrùlérè, Ìjàpá mi ti pé ọdún mẹ́rìnlá lọ́wọ́ mi, èmi fúnra mi ni mò ń ṣí tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà rẹ̀.

Ẹ má tíì gbà pé kọ́fà ló ń jò títí ẹ ó fi rí i pẹ̀lú ojú yín. Lábẹ́ àwọn sìlíńdà, ọ̀pá oníhò mẹ́rin ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, mẹ́jọ lápapọ̀, tí ọ́ìlì ń gbà ṣàn padà láti tápẹ́ẹ̀tì sínú ẹ́ńjìnnì. Rọ́bà wà lórí àti ìdí wọn. Rọ́bà yẹn a máa gan nítorí ooru, tó bá ti gan, ọ́ìlì a ṣàn lẹ́yìn kọ́fà, yóò kán sójú kan náà gan-an. Odindi ọdún kan ni mo fi ń pààrọ̀ gáskẹ́ẹ̀tì tí kò ṣẹ̀ mí.

Ohun tí mo wá ṣe ni pé mo fi búrọ́ọ̀ṣì àti kẹrosíìnì fọ abẹ́ ẹ́ńjìnnì nígbà tó tutù, mo jẹ́ kí ó gbẹ títí di ọjọ́ kejì. Mo wá da pọ́dà ọmọdé sí àtẹ́lẹwọ́, mo fẹ́ ẹ sára kọ́fà àti àwọn ọ̀pá náà títí gbogbo rẹ̀ fi funfun. Mo tanná sí mọ́tò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo pa á, mo wọ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ìlà dúdú kan ṣoṣo ló wà nínú gbogbo funfun yẹn, tẹ́ẹ́rẹ́, láti ẹnu ọ̀pá kẹta ló ti bẹ̀rẹ̀. Kọ́fà mi gbẹ táútáú. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó náwó. Ẹ má lo pẹtiróòlù o, pàápàá lábẹ́ ẹ́ńjìnnì tó bá gbóná. Ọ̀pọ̀ Ìjàpá ni iná ti jó ní Èkó nítorí họ́ọ̀sì pẹtiróòlù tó gbó, ẹ má fi tiyín kún un.

Tí ẹ bá sì ra kọ́ọ̀kì, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò nínú ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó sanwó. Òmíràn ti wà lórí pákó fún ọdún pípẹ́, tí ẹ bá ká a díẹ̀, yóò kán. Èyí tó bá ti sún kì lásán, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, yóò padà rọ̀. Gọ́ọ̀mù tí mo ń lò sí ojú kọ́fà ni ti àwọn tó ń rán bàtà. Mo máa ń gbé ìwé ńlá méjì lé e lórí di ọjọ́ kejì.

Ará Ìsàlẹ̀ Èkó

Màmá, Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí ló burú nínú kọ́fà oníbóòtù? Tèmi ti lo oṣù méje.

Bàbá Ẹ́ńjìnnì, Múṣin

Mi ò sọ pé ó burú. Tí wọ́n bá ṣe é dáadáa, ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ojú ihò bóòtù náà jẹ́ ibòmíràn tí ọ́ìlì lè gbà jáde, o ti fi ihò méjì kún èyí tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tí kọ́fà àti wáyà rẹ̀ bá ṣì wà, tó sì jẹ́ pé bàbá rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún un, kó tún un ṣe. Wọ́n lo wáyà yẹn láti ọdún dé ọdún lára Ìjàpá tó wà káàkiri ayé, a sì lò ó níbí, nínú ooru yìí.

Ọmọ Èbúté

Ẹ kú àtijọ́ o. Ọ̀sẹ̀ méjì àtààbọ̀ ti kọjá, mo ní kí n wá jábọ̀.

Mo lọ sí Ládípọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, mo rí wáyà méjì lára ẹ́ńjìnnì kan tí wọ́n ti tú palẹ̀, mo sì ra kọ́ọ̀kì lẹ́yìn tí mo ti tẹ̀ ẹ́ wò bí Màmá ṣe sọ. Mẹ́ta ni mo kọ́kọ́ dá padà fún ọlọ́jà nítorí pé wọ́n ń sán.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo tú ọ́ìlì dà. Ó kọjá lítà mẹ́ta ààbọ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì, ìyẹn lẹ́yìn gbogbo èyí tó ti jò. Mo tú asẹ́. Bàbá, gọ́ọ̀mù wà níbẹ̀. Kò pọ̀ tó ti Ọ̀ṣòdì tí ẹ sọ, ṣùgbọ́n ó tó ìka kékeré méjì. Mo kó o sínú ike kan, mo sì fi han mẹkáníìkì náà, kì í ṣe láti bá a jà. Ó dákẹ́, ó ní òun kò mọ̀ pé kò ní fítà.

Híhọ àwọn ojú náà ló gba àkókò jù, wákàtí mẹ́ta. Lójú ọ̀tún, mo ṣí ìpele gọ́ọ̀mù méjì kí n tó kan kọ́ọ̀kì kan tí kì í ṣe ti ọdún yìí, ó ti dúdú, ó ti gan bí èèpo igi. Abẹ́ ìyẹn ni mo ti rí kọ́ọ̀kì àjẹkù míì. Mo rò pé bàbá mi ló fi èyí tó kẹ́yìn sí i. Wọ́n máa ń ṣí i fúnra wọn lọ́jọ́ Sátidé, èmi ni mo máa ń di tọ́ọ̀ṣì mú fún wọn. Mo nù ún mọ́, mo jókòó sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí n tó máa bá iṣẹ́ lọ.

Kọ́fà ọ̀tún ti wọ́ ní igun méjì, ìmọ́lẹ̀ yọ lórí gíláàsì kedere. Mo lù ú títẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí mo ti ṣí i, mo wọn àlàfo tápẹ́ẹ̀tì sí 0.15 mm nígbà tó ṣì tutù. Kọ́fà méjèèjì dún *kọ́*. Lítà méjì àtààbọ̀ ni mo rọ.

Mo fẹ́ pọ́dà sí i lọ́jọ́ kejì. Apá òsì funfun láti òkè délẹ̀. Apá ọ̀tún, kọ́fà gbẹ, àmọ́ ìlà kan wà láti ìdí ọ̀pá kan, níbi tó ti wọ inú ẹ́ńjìnnì. Lórí páálí ní Marina lánàá, ẹ̀kán kan ni mo rí, tí kò tó kọ́bọ̀ kan. Òórùn inú mọ́tò ti lọ pátápátá, mo ti wíńdò ní Ìdúmọ̀tà lánàá.

Bàbá, ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n tú tọ́ọ̀pù sìlíńdà nítorí ẹ̀kán kan yẹn?

Bàbá Ẹ́ńjìnnì, Múṣin

Má tú u. Rọ́bà ọ̀pá yẹn kò ṣeé pààrọ̀ bó ṣe yẹ láìyọ tọ́ọ̀pù sìlíńdà, àfi tí o bá rí irú ọ̀pá tó ní sípíríǹgì nínú, tí a lè ṣún pọ̀ kí a sì rì í bọ̀ ọ́. Ẹ̀kán kan lójúmọ́ kò pa ẹ́ńjìnnì. Máa wo irin ìwọ̀n ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ọjọ́ tí ohun mìíràn bá mú kí a yọ ẹ́ńjìnnì náà, kílọ́ọ̀ṣì tàbí òmíràn, ra rọ́bà mẹ́rìndínlógún sílẹ̀, kí a pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí o bá fẹ́, gbé e wá sí Múṣin, kí n fi ojú ara mi wò ó. Kí ìyá rẹ fún mi.